Ta Ló Yẹ Kó Jókòó Síwájú Bàálù: Oníbàárà Ọdún Mẹ́sàn-án Tàbí Ẹni Tó Sanwó Lánàá?

Ẹ̀yin tí ẹ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ọba Akran, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kà á lórí fóònù nínú dánfó, ẹ di fóònù yín mú dáadáa, kí wọ́n má bàa já a gbà lójú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ bàálù la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Èmi tí mi ò tíì wọ bàálù rí ńkọ́?" Ẹ má lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹnikẹ́ni tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan náà lójoojúmọ́, tó sì ń retí pé wọ́n á mọ ojú òun.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ìyá kan náà ló bí wa o. Òun ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí mo ń bá a ra oúnjẹ, tí mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ojú fóònù. Nígbà tí mo gba fírídọ́ọ̀mù, òun ló fún mi ní ọjà àkọ́kọ́ tí mo tà. Ojú fóònù, bátìrì, ṣájà, gbogbo ohun tó ń tà, Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà ló ti ń kó wọn wá. Ó máa ń lọ tó ìgbà mẹ́rin lọ́dún. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ilé iṣẹ́ bàálù kan ṣoṣo ló ń wọ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò yọ ilé iṣẹ́ kankan sílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ó ní kí èmi náà bá òun lọ, kí n lọ fojú ara mi rí ọjà. Àwa méjèèjì ra tíkẹ́ẹ̀tì ìkọ́nọ́mì. Káàdì góòlù ilé iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Èmi? Mi ò wọ bàálù wọn rí.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì ká gbéra, ímeèlì kan wọlé sórí fóònù mi. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ jókòó ní bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì, kí n sọ iye tí mo lè san sí i. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọ Yahoo ni. Mo ṣí áàpù wọn, mo rí i pé òótọ́ ni. Wọ́n ní kí n ná an, bí ẹni ń ná bàtà ní ọjà Agége. Mo fi ṣeré, mo fi 300 dọ́là sí i fún ìrìn kejì, èyí tó gùn jù. Ìyẹn ló kéré jù tí wọ́n lè gbà. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

A dé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìlà àwọn oníkáàdì góòlù, ó fà mí mọ́ra. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Máa wò mí o, wọ́n lè gbé mi lọ síwájú lónìí." Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe é fún un rí láàárín ọdún mẹ́sàn-án, lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń sọ ìtàn ẹ̀ẹ̀mejì yẹn fún gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí a dé ibi tí a ti fẹ́ wọ bàálù kejì, wọ́n yẹ ìwé mi wò, ẹ̀rọ dún, obìnrin tó wà níbẹ̀ ya ìwé mi, ó fún mi ní òmíràn: 3A. Wọ́n yẹ ti ẹ̀gbọ́n mi wò: 34E. Àga àárín, ẹ̀yin èèyàn mi. Àárín gbùngbùn.

Ó wo ìwé tèmi, ó wo tirẹ̀. Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀." Ó ní, "Jókòó síbẹ̀. Owó rẹ lo san." Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gba inú kọ́tìnì lọ sẹ́yìn. Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi nínú àwo tánganran, mi ò mọ adùn rẹ̀. Àga náà nà gbalaja bíi bẹ́ẹ̀dì, oorun ò kùn mí. Ọmọ iṣẹ́ dùbúlẹ̀ níwájú, ọ̀gá jókòó ṣánṣán lẹ́yìn mọ́jú.

Kì í ṣe pé ó bínú sí mi. Ohun tó dùn ún ni pé ó ti rò pé àwọn èèyàn yẹn mọ òun.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo rí nìyí.

Gbogbo wa la mọ èènì. Ẹ ra gààrí lọ́wọ́ ìyá kan, ó wọ̀n ọ́n tán, ó tún bu díẹ̀ lé e. Bí ẹ bá jẹ́ oníbàárà rẹ̀, èènì yín á pọ̀ ju ti ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ ò lè bá a ṣẹjọ́ bí kò bá bu èènì sí i lọ́jọ́ tí gààrí wọ́n. Èènì kò sí nínú iye owó. Inú rere ni, ọgbọ́n ọjà sì ni pẹ̀lú, torí ó fẹ́ kí ẹ padà wá lọ́la.

Nǹkan tí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ṣe nígbà tí wọ́n dá ètò máìlì sílẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1978, ìjọba Amẹ́ríkà yọ ọwọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ìdíje bá le. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, American Airlines bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní AAdvantage. United gbé tiwọn jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá ṣe rìn jìnnà tó ni máìlì yín ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó bá sì ń wọ̀ ọ́ léraléra, wọ́n á fún un ní káàdì. Bí àga bá ṣófo níwájú, àwọn oníkáàdì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé lọ síbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Àga iwájú di èènì.

Kí ló wá yí padà? Ohun méjì ni.

Àkọ́kọ́, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta èènì. Ẹ wo búrẹ́dì Agége. Èyí tí kò bá tà lónìí, wọ́n lè dín owó rẹ̀ kí wọ́n tà á lọ́la. Àga bàálù kò ní ọ̀la. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn, àga tó ṣófo ti bà jẹ́ nìyẹn. Láyé àtijọ́, kò sí ọ̀nà tó yá láti wá ẹni tó máa ra àga yẹn ní ẹ̀dínwó nígbà tó ku wákàtí díẹ̀, ni wọ́n ṣe ń fi ṣe oníbàárà lóore. Ṣùgbọ́n nísinsin yìí, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ilé iṣẹ́ kan tiẹ̀ wà ní Kánádà tó ń jẹ́ Plusgrade, iṣẹ́ tiwọn ni pé kí wọ́n máa bá àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ta irú àga bẹ́ẹ̀, kí èrò máa ná an lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò bi yín pé ọdún mélòó lẹ ti ń bá wọn bọ̀. Èló lẹ fẹ́ san ló ń bi yín.

Ìkejì, wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń ka oníbàárà padà. Ní ọdún 2015, Delta àti United kúrò lórí pé bí ẹ bá ṣe rìn jìnnà tó ni máìlì yín ṣe máa pọ̀ tó, wọ́n bọ́ sórí iye owó tí ẹ ná. American ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2016. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ London, ọ̀rọ̀ náà ti kàn yín: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni British Airways ti ń fi owó tí èèyàn ná wọn ipò rẹ̀. Kí wọ́n tó fún èèyàn ní Gold, ó nílò 20,000 pọ́ìntì, pọ́ìntì kan fún pọ́n-ùn kan. Ẹ fi ìyẹn sí náírà kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá jẹ́ aláràjà tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú, tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, ẹ lè rìn yí ayé po kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan tó lọ lẹ́ẹ̀mejì ní bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì sì fi yín sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ṣé ìwà àìmoore ni? Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ṣọ́ọ̀bù lèmi náà ní. Bí ẹnì kan bá mú owó wá sórí tábìlì mi fún ọjà tó kù, mo máa tà á. Mi ò ní í tọ́jú rẹ̀ de oníbàárà mi kí n fi ta á lọ́rẹ. Àga náà, tiwọn ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò san owó bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì, èmi ni mo san díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n apá kejì wà. Ìyá onígààrí kò jáde wá sọ fún yín pé "ẹ má ra gààrí níbòmíràn, ìdí ni pé èènì ń bọ̀." Àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìpolówó, wọ́n ya àwòrán ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín lórí àga ńlá. Èèyàn á wá máa fi owó kún owó nítorí ohun tí kò sẹ́ni tó ṣèlérí rẹ̀ fún un.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Máìlì fúnra rẹ̀ ti di ọjà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn báǹkì ló ń ra máìlì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù, kí wọ́n lè fi fa oníbàárà tiwọn. Nígbà tí Kòrónà dé ní ọdún 2020 tí kò sẹ́ni tó ń wọ bàálù, United fi ètò máìlì wọn dúró bí ohun ìdúró, wọ́n sì fi yá owó tó tó bílíọ̀nù 6.8 dọ́là. Bàálù dúró sílẹ̀, máìlì ló lọ yá owó wá. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ẹ̀bùn lásán? Àwọn ọmọ Naijá ní kò sí ohun ọ̀fẹ́, kódà ní Freetown.

Nílé níbí ńkọ́? Tiwa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí níbí, ilé iṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀ lè má sí mọ́. Nigeria Airways tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958, ọdún 2003 ni wọ́n tì í pa. Virgin Nigeria fò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 2005. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nigerian Eagle ní 2009, ó di Air Nigeria ní 2010, nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ó ti dúró. Ẹni tó ń kó máìlì jọ síbẹ̀, ta ló fẹ́ lọ bá?

Àwọn ti òkè òkun náà, ẹ rántí Emirates. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2022, wọ́n dáwọ́ ìrìnnà sí Nàìjíríà dúró nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn tó há síbí, tí wọn ò rí dọ́là fi kó jáde. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n tó padà. Máìlì Skywards wọn sì ní ọjọ́ ikú, ọdún mẹ́ta. Àwọn aláràjà Computer Village tí wọ́n ń lọ Dubai, máìlì wà nínú fóònù wọn, bàálù kò sí ní Ìkẹjà. Bí wọ́n bá fẹ́ ná an sórí bàálù Emirates, wọ́n ní láti kọ́kọ́ wá ọ̀nà dé ìlú mìíràn tí ó ń fò dé, bíi Accra.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́ kẹta tí a dé Guangzhou, a jókòó síbi tí a ti ń jẹun, ó ní, "Sọ fún mi. Èló lo san?" Mo sọ fún un. Ó dákẹ́. Ó mú kakuletọ inú fóònù rẹ̀ jáde. Ẹ mọ̀ pé oníṣòwò ni.

Ó ní lójú tòun, ó tó 100 dọ́là tí òun máa ń fi kún owó tíkẹ́ẹ̀tì nígbà kọ̀ọ̀kan kí òun má bàa wọ bàálù àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, 400 dọ́là. Ọdún mẹ́sàn-án, 3,600 dọ́là. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e lọ síwájú. Ìyẹn ni pé 1,800 dọ́là ló ra ìkọ̀ọ̀kan èyí tó ń pè ní ọ̀fẹ́. Èmi ra tèmi ní 300.

Mo rò pé ó máa bínú. Ó kàn ní, "Dúró ná. Ẹrù ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n. Káàdì góòlù yẹn máa ń fún un ní ẹrù kan sí i lófo, kílò 23, nígbà gbogbo tó bá ń bọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti kó ọjà láti Ṣáínà rí mọ̀ pé àfikún ẹrù ju 100 dọ́là lọ. Torí náà, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ gbèsè. Ó ti jẹ èrè rẹ̀ lórí ẹrù láìmọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú àdéhùn, wọ́n ń fún un. Èyí tó jẹ́ èènì ló ń dùn ún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyẹn. Nínú gbogbo ètò oníbàárà, ì báà jẹ́ ti bàálù, ti báǹkì, ti áàpù tí ẹ fi ń pe ọkọ̀, ẹ ya ohun méjì sọ́tọ̀: èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín, àti èyí tó jẹ́ èènì. Ẹ lè sanwó nítorí ẹ̀tọ́. Ẹ má sanwó nítorí èènì. Bí èènì bá dé, ẹ dúpẹ́, ẹ jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe lè lò ó.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ètò máìlì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi nọ́ńbà yín sí i nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí orúkọ ibẹ̀ sì bá ti páásípọ́ọ̀tù mu. Ṣùgbọ́n ẹ má fọ́n máìlì yín káàkiri ilé iṣẹ́ mẹ́wàá. Àwọn ilé iṣẹ́ bàálù máa ń kó ara wọn jọ bí ẹgbẹ́ alájọṣe. Nínú Star Alliance, bí àpẹẹrẹ, Ethiopian, Turkish, Lufthansa àti EgyptAir wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní Gold lọ́dọ̀ ọ̀kan, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó gbé ẹrù kan sí i, tàbí kílò 20 sí i, lọ́dọ̀ àwọn yòókù, ó sì lè wọ yàrá ìsinmi. Èyí wà nínú ìwé. Ẹ̀tọ́ nìyẹn.

Bí ímeèlì upgrade bá dé, ẹ kà á tán kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Apá ìrìnnà wo ni? Ṣé ẹrù yín á pọ̀ sí i? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kò fi ẹrù tàbí máìlì bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì kún un, àga àti oúnjẹ nìkan lẹ rà. Bí wọ́n bá sì ti gba iye tí ẹ pè, owó ti kúrò nínú káàdì nìyẹn, ẹ ò lè ní ẹ ò ṣe mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, 300 dọ́là kì í ṣe owó tí èèyàn ń fi ṣeré. Èmi fi ṣeré, mo sì mọ ohun tí mo jẹ fún oṣù kan lẹ́yìn náà.

Èkẹta, ẹ má tọ́jú máìlì bí ẹni tọ́jú wúrà. Bíi yìnyín ni, ó ń yọ́. Ilé iṣẹ́ lè gbé iye máìlì tí wọ́n ń fi ra tíkẹ́ẹ̀tì sókè nígbàkígbà. Nígbà tí a dé, ẹ̀gbọ́n mi ṣí áàpù rẹ̀, ó kó gbogbo máìlì ọdún tó kọjá jọ, ó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá wọn ní Agége láti lọ ṣe úmúrà. Ó ṣì san owó orí àti owó pápákọ̀ òfurufú lórí rẹ̀ o, torí máìlì kì í san ìyẹn níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n màmá lọ, màmá sì bọ̀. Wọ́n bu omi sámúsámù díẹ̀ fún mi. Èènì tèmi nìyẹn.

Ní oṣù tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ń lọ Guangzhou ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti wá tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mẹ́ta kó tó mú ọ̀kan. Ó ní, "Wọ́n ti fi ímeèlì ẹ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Èló ni kí n pè é?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ná ọjà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo mọ̀. Àmọ́ ìwọ lo ti jókòó níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Èló?"

Ó tó bẹ́ẹ̀ fún tòní. Bí ẹ bá ní oníbàárà tí ẹ ti gbàgbé láti bu èènì fún, ẹ lọ wá a. Bí ẹ bá sì mọ ẹnì kan tó ń kó máìlì jọ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó tó yọ́ tán. A tún máa pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.